Ojú Kan, Orí Ọ̀tọ̀: Èrò Òǹkàwé lórí *The Boys from Brazil*

Ìtàn tí Ira Levin kọ ní 1976, ogún ọdún kí àgùntàn Dolly tó dáyé, kì í jẹ́ kí òǹkàwé mí. Mengele, dókítà Násì, ṣẹ̀dá ọmọkùnrin 94 láti ara Hitler. Ó wá rán apànìyàn sí àwọn bàbá tó gbà wọ́n tọ́, kí ìgbà èwe wọn lè bá ti Hitler mu; ọmọ ọdún 13 ni Hitler nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú ní 1903.

Ní Alesa, níbi tí ilé iṣẹ́ ìfọ epo rọ̀bì wà, ohùn àwọn òǹkàwé kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní eré àsápajúdé inú ìtàn náà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rí àyè di ènìyàn. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn ń bínú pé Liebermann, ọdẹ Násì, ba ìwé orúkọ àwọn ọmọ náà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà pa wọ́n. Ìbínú yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ló ń na Kẹ́hìndé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Táyé? Bí ẹ̀jẹ̀ nìkan bá tó, kí ni Mengele ń pa àwọn bàbá fún?

Síbẹ̀, àwòrán tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń yà níparí ìwé kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀.