Orin Yẹ̀yẹ́ fún Atọ̀ọ́lé: Àtúngbéyẹ̀wò Èrò pé Yẹ̀yẹ́ ní í Tún Ìwà Ṣe

1. Ìfáàrà

Nínú ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ó ti di àṣà kí onímọ̀ máa wá iṣẹ́ tí orin kọ̀ọ̀kan ń ṣe láwùjọ. Lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ èrò yìí múlẹ̀ ni William Bascom, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1954, ó ka iṣẹ́ mẹ́rin sí lítíréṣọ̀ alohùn lọ́rùn: dídá ènìyàn lára yá, fífi ìdí àṣà múlẹ̀, kíkọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, àti mímú kí ènìyàn má yà kúrò nínú ìlànà tí àwùjọ là sílẹ̀. Iṣẹ́ kẹrin yìí ni ó sún mọ́ ọwọ́ jù lọ fún ẹni tí ó bá ń ṣe àlàyé orin yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń fi orin bú olè kí ó lè jáwọ́. Wọ́n ń fi bú ọ̀lẹ kí ó lè tẹpá mọ́ṣẹ́. Ó wá rọrùn láti fi orin tí àwọn ọmọdé ń kọ fún ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó tọ̀ sórí ẹní kún un, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Àbá tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé orin atọ̀ọ́lé kò sí lára ẹgbẹ́ náà. Bí a bá fi ìmọ̀ ìhùwàsí wò ó, iṣẹ́ kẹrin Bascom kò lè ti ọwọ́ orin yìí wáyé. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ tíọ́rì lásán lọ, nítorí pé ọmọ kan wà láàrin agbo tí wọ́n ti ń kọ orin náà.

2. Bí orin náà ṣe ń wáyé

Òwúrọ̀ ni orin yìí máa ń wáyé. Ẹní tí ó tutù ni wọ́n gbé síta sá sóòrùn, ẹní náà sì ni ẹlẹ́rìí. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ni akọrin, àtẹ́wọ́ wọn ni ìlù, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì ń fi há àárín orin. Orin lílé àti gbígbè ni, tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbè é.

Ọ̀rọ̀ náà 'atọ̀ọ́lé' tó yẹ̀ wò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' tí ó wà nínú 'apẹja' àti 'apànìyàn' ni ó wà nínú rẹ̀. Apẹja mọ̀ọ́mọ̀ ń pẹja. Apànìyàn mọ ohun tí ó ṣe. Èdè ti sọ ọmọ tí ó ń sùn di oníṣẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ti di ohun tí ó ṣe, ohun tí ó ṣe sì ti di ẹni tí ó jẹ́.

Àṣà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé tí Melville Herskovits, olùkọ́ Bascom, kọ lórí Dahomey, tí ó ti di Benin láti 1975, ó ṣàkọsílẹ̀ pé bí ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kò bá jáwọ́, wọ́n a da eérú tí a pò mọ́ omi lé e lórí, wọ́n a lé e síta, àwọn ọmọ yòókù a sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti orin. Ní Ouidah, ó ní wọ́n máa ń so ọ̀pọ̀lọ́ láàyè mọ́ ọmọ náà nídìí, ìbẹ̀rù rẹ̀ a sì sábà mú un jáwọ́.

3. Ojú tí ìmọ̀ ìhùwàsí fi wò ó

Ọdún 1938 ni ìwé Herskovits jáde. Ọdún náà gan-an ni Orval Hobart Mowrer àti aya rẹ̀, Willie Mae Mowrer, tẹ àbọ̀ ìwádìí tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ́ aṣọ kan tí ó so mọ́ agogo sábẹ́ ọmọ. Bí ìtọ̀ bá ti kan aṣọ náà, agogo a dún, ọmọ a jí, a sì lọ parí ìtọ̀ rẹ̀ níbi tí ó yẹ. Ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n lò ó fún, wọ́n sì ròyìn pé gbogbo wọn ni ó jáwọ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé àṣeyọrí náà kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí ó lo agogo náà ni ẹní wọn ń gbẹ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin agogo àti orin wà nínú àkókò. Ìlànà àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ni pé ohun tí ó bá tẹ̀ lé ìwà ní kíá ni ó ń yí ìwà padà. Agogo ń dún nígbà tí ìtọ̀ ń jáde. Orin ń dún lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, nígbà tí ọmọ ti jí, tí ó ti wẹ̀, tí ó sì jókòó láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí orin náà bá lójú fún un láti yí padà ni jíjí àti jíjókòó láàrin ẹgbẹ́. Kò yani lẹ́nu bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ́ bí a ti ń fi ẹní pa mọ́ dípò bí a ti ń jí.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tí wọ́n kọrin fún jáwọ́ nígbẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó ń tọ̀ọ́lé, nǹkan bí 15 ni ó ń jáwọ́ lọ́dọọdún láìsí ìtọ́jú kankan. Ìdàgbà ni ó ṣiṣẹ́, orin ni ó gbàyìn. Ó sì yẹ kí á kíyè sí i pé ọmọ ọdún márùn-ún sókè ni àwọn oníṣègùn tó ń ka títọ̀ọ́lé sí ìṣòro fún. Orin kì í dúró dìgbà náà.

4. Olè, ọ̀lẹ àti ẹni tí ó sùn

Olè mọ ìgbà tí ó na ọwọ́. Ọ̀lẹ mọ ìgbà tí oòrùn yọ. Yẹ̀yẹ́ bá wọn ní ibi tí ìfẹ́ inú wọn wà. Ẹni tí ó sùn kò ní ìfẹ́ inú tí orin lè bá sọ̀rọ̀. Harry Bakwin fi hàn ní 1973 pé bí òbí méjèèjì bá tọ̀ọ́lé ní kékeré, nǹkan bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ wọn ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òbí kan, 44. Bí kò bá sí, 15. Nígbà mìíràn, nítorí náà, ohun tí òbí fi jogún fún ọmọ ni wọ́n ń fi orin bú ọmọ náà sí.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sickle cell, tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè mú ìtọ̀ ki, ìtọ̀ rẹ̀ a sì máa pọ̀ lóru. Títọ̀ọ́lé wọ́pọ̀ láàrin wọn ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ. Àmì àìsàn ni agbo ń pàtẹ́wọ́ fún.

5. Àléébù ìlànà ìhùwàsí fúnra rẹ̀

Kò yẹ kí a fi agogo rọ́pò orin kí a sì gbàgbé àríwísí. Ìlànà tí Azrin, Sneed àti Foxx gbé jáde ní 1974 fi ìbáwí kún agogo: ọmọ tí ó bá tọ̀ọ́lé yóò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, yóò sì dìde lọ sí ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀ogún lóru náà. Yẹ̀yẹ́ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà wà. Bákan náà, fífún ọmọ ní ẹ̀bùn nítorí pé ẹní rẹ̀ gbẹ jẹ́ orin atọ̀ọ́lé tí a yí inú rẹ̀ síta. Òun náà ń díwọ̀n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú oorun. Ìdí nìyí tí ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n gbé jáde ní Bìrìtìkó ní 2010 fi sọ pé ohun tí ọmọ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, bíi kí ó tọ̀ kí ó tó sùn, ni kí a yìn ín fún. Agogo pẹ̀lú ń fẹ́ òbí tí yóò máa jí lóru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti yàrá tí ọmọ mẹ́fà kò ti ń sùn pọ̀.

6. Ìgúnlẹ̀

Bí iṣẹ́ kẹrin Bascom kò bá bá orin atọ̀ọ́lé mu, èwo ni ó bá a mu? Iṣẹ́ kìíní ni: ó ń dá ènìyàn lára yá. Ṣùgbọ́n akọrin ni ara rẹ̀ ń yá. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún kò sí lára àwùjọ tí tíọ́rì náà ń ròyìn. Àléébù tíọ́rì náà nìyí: ó ń béèrè ohun tí orin ṣe fún àwùjọ, kò béèrè lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n yọ sọ́tọ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá tún ń gba irú orin yìí sílẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí ọmọ náà, ẹni tí ó pe agbo jọ, àti ohun tí ọmọ náà ṣe nígbà tí orin parí. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Nínú agbo orin atọ̀ọ́lé, ọwọ́ méjèèjì ni ó ń pàtẹ́wọ́.