Ọwọ́ Tí Ń Tú Ọ̀rọ̀ Ìpàdé

Ṣómólú ti di ìlú-mọ̀ọ́ká nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní Bàrígà tí ó múlé tì í, nítòsí Yunifásítì Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1962, iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn wà tí ó yẹ kí a kan sáárá sí, èyíinì ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi àkójọ irinṣẹ́ tí a ń pè ní SDK yẹ ìpàdé orí Zoom tí a ti gbà sílẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìpàdé wákàtí méjì a máa bí fáìlì tí kò sẹ́ni tó ráyè gbọ́ tán: fídíò MP4 lọ́tọ̀, ohùn M4A lọ́tọ̀, àti àkọsílẹ̀ VTT tí ń sọ ìṣẹ́jú tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jáde. Ọ̀jáfáfá oníṣẹ́ kì í fi ipá wọlé síbi tí àwọn fáìlì wọ̀nyí wà. Ó ń tọrọ àṣẹ, a sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni yóò mú kìkì ohun tí a rán an. Níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú, tí dátà sì gbówó lérí, àkọsílẹ̀ tí kò wúwo ni ó ń kọ́kọ́ fà wálẹ̀, kì í ṣe fídíò. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gidigidi.

Ṣùgbọ́n Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún olóhùn ní ẹ̀tọ́ lórí dátà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Bàrígà, ẹ gba ìyọ̀ǹda àwọn tó wà ní ìpàdé kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wọn.