Ẹ̀bùn fún Ẹni tí Ó Gé Fíìmù: Kí ni Àwọn Adájọ́ Rí?

 

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo fíìmù Yorùbá tí ẹ ti wò nínú ilé yín, ta ni ẹ lè dárúkọ nínú àwọn tí ó gé wọn? Mo bi àwọn ọmọ kéwú mi ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan tí a ti parí ẹ̀kọ́. Wọ́n ka orúkọ òṣèré bí ogún láì mí. Wọ́n dárúkọ Túndé Kèlání, wọ́n dárúkọ Kúnlé Afọláyan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹni tí ó gé fíìmù, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ààfáà, ṣé wọ́n tún máa ń gé fíìmù ni?" N kò bá a wí, nítorí pé èmi náà ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kí n tó mọ̀.

Èdè wa gan-an dá kún un. Lára fíìmù Yorùbá, "olóòtú" ni wọ́n sábà máa ń kọ sí iwájú orúkọ ẹni tí ó wá owó tí ó sì kó iṣẹ́ jọ. "Olóòtú" yìí kan náà ni a ń pe ẹni tí ń tún ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn bí irú èyí ṣe. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ní òru, tí ń gé àwòrán, tí ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra, "editor" ni wọ́n ń kọ fún un, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, nígbà tí a ti ń wá ibi tí a ó ti pa tẹlifíṣàn. Agéfíìmù ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Òṣèré lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà, kí kámẹ́rà yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Agéfíìmù ni yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀kẹrin ni kí a lò, pé ìdajì rẹ̀ péré ni kí a lò, pé ojú ẹni tí ń gbọ́ ni kí a wò nígbà tí ẹni tí ń sọ ọ́ bá ń sọ ọ́. Ohun tí ó gé sọnù pọ̀ ju ohun tí ó kù lọ fíìfíì. Iṣẹ́ télọ̀ ni, àmọ́ bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ọjà'ba, ẹ ó rí àjákù aṣọ nílẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹnìkan lo sísọ́ọ̀sì. Àjákù agéfíìmù kì í kan ojú ẹnikẹ́ni.

Àwa oníkéwú kò yẹ kí a fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń lu ọmọ lẹ́yìn tí ó bá ti mọ Kùránì kà ni ibi tí ó ti yẹ kí ó dánu dúró. Nínú Súrátù Nísáì, áyà 43, bí ẹni tí ń kà bá dúró níbi tí kò tọ́, yóò dà bí ẹni pé Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti sún mọ́ ìrun. Ẹni tí ó bá kà á síwájú díẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ẹni tí ọtí ń pa ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a yí padà níbẹ̀, ibi tí a gé e sí nìkan ni. Ẹ̀yin náà sì ti rí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ìwàásù ààfáà ṣe lórí fóònù lóde òní: ìṣẹ́jú kan nínú wákàtí méjì, àdúgbò á sì dàrú.

Nítorí náà, inú mi dùn pé ẹ̀bùn wà fún agéfíìmù. Ní 2005 ni olóògbé Peace Anyiam-Osigwe dá Africa Movie Academy Awards sílẹ̀, tí a mọ̀ sí AMAA, Yenagoa ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ni wọ́n sì ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 2013 ni ilé-iṣẹ́ Africa Magic bẹ̀rẹ̀ tiwọn, AMVCA, ní Èkó. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn fún gígé fíìmù. Ní Amẹ́ríkà, láti 1929 ni wọ́n ti ń pín Oscar, ṣùgbọ́n ó di 1935 kí wọ́n tó rántí agéfíìmù, tí wọ́n fún Conrad Nervig nítorí fíìmù kan tí ń jẹ́ Eskimo. Àwọn agéfíìmù ibẹ̀ sì ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 1950. Àwọn ni ń pín ẹ̀bùn Eddie, fún fíìmù lọ́tọ̀, fún eré orí tẹlifíṣàn lọ́tọ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Ní 27 March 2022, àwọn tí ó ṣètò Oscar ní ètò ti ń gùn jù. Wọ́n kó ẹ̀bùn mẹ́jọ, wọ́n pín wọn kí ètò orí tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀. Gígé fíìmù wà nínú mẹ́jọ náà. Joe Walker, tí ó gé Dune, ni ó gbà á. Wọ́n ká ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gé e kúrú, wọ́n wá fi há àárín ètò. Ẹ gbọ́ o, wọ́n gé ẹ̀bùn agéfíìmù! Ariwo náà pọ̀, nígbà tí ó sì di 2023 wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sí ojú agbo.

Èyí kì í ṣe ẹjọ́ mi pẹ̀lú wọn. Ẹjọ́ mi ni pé wọn kì í sọ ìdí. Ní AMVCA, òǹwòran ni ó ń dìbò fún àwọn ẹ̀bùn kan, ìgbìmọ̀ adájọ́ sì ni ó ń yan ti iṣẹ́ ọwọ́ bíi gígé àwòrán. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbò kò lè yan ohun tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ èyí tí ojú gbogbo wa kò rí, tí àwọn tí ó rí i sì dákẹ́, kí ni àwa yóò fi mọ̀ ọ́n? Wọ́n á pe orúkọ, ẹni náà á gun orí pèpéle, a ó pàtẹ́wọ́, ó tán. Àwọn onímọ̀ hadísì kò ṣe bẹ́ẹ̀. A gbọ́ pé láti inú nǹkan bí 600,000 ni Imam Bukhari ti ṣa àwọn tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, tí wọn kò pé 8,000 pẹ̀lú àwọn tí ó tún sọ. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn kì í kàn sọ pé lágbájá ṣeé gbà, tàmẹ̀dò kò ṣeé gbà. Wọ́n kọ ìdí sílẹ̀: eléyìí ń gbàgbé nígbà ogbó rẹ̀, tọ̀hún kò bá ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pàdé rí. N kò fi fíìmù wé hadísì o, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Ọ̀nà ìdájọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi fíìmù kan tí ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: Ar-Risālah, tí Moustapha Akkad ọmọ Síríà gbé jáde ní 1976. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan kò fara mọ́ ọn títí di òní nítorí àwọn Sàhábé tí wọ́n fi òṣèré ṣe, n kò sì ní bá wọn jiyàn níhìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Akkad ṣe é. Abdullah Gaith ni Hamza (R.A.) nínú ti Lárúbáwá, Anthony Quinn nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò fi Ànábì (S.A.W.) hàn, wọn kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Báwo ni òǹwòran yóò ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ojú àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ ni. Wọ́n á wo kámẹ́rà, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́, a ó sì rí i lójú wọn pé wọ́n ń gbọ́ èsì.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kí ẹ fiyè sí nígbà tí ẹ bá tún wò ó. Bí agéfíìmù bá gé e kúrú, yóò dà bí ẹni pé wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ kí ó gùn jù, àwọn ọmọ inú ilé á ní tẹlifíṣàn ti bàjẹ́. Ó ní láti tó ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ, kí ó sì tó ọ̀wọ̀. Ní tèmi, gígé tí ó lè jù tí mo tíì rí nìyẹn. Orúkọ John Bloom àti Hussein Afifi ni ó wà lára fíìmù náà gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó gé e. Nígbà tí Oscar dé, orin Maurice Jarre nìkan ni wọ́n rí yàn nínú rẹ̀, wọn kò sì fún un. John Bloom padà gba Oscar ní 1983, nítorí Gandhi, fíìmù tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kún inú rẹ̀. N kò sọ pé Gandhi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn fura pé ó rọrùn fún adájọ́ láti rí ọwọ́ tí ó to ogunlọ́gọ̀ ju ọwọ́ tí ó wọn ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Nílé wa ńkọ́? Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. 31 October 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú yìí, ibẹ̀ sì ni Túndé Kèlání ti di kámẹ́rà mú kí ó tó dá Mainframe sílẹ̀. Ẹ rántí Ṣaworoidẹ rẹ̀ ti 1999. Ìparí ìtàn náà kò lè yé ènìyàn bí a kò bá so ìlù tí ń dún mọ́ orí ẹni tí ó dé adé. Àṣejù díẹ̀, àlọ́ ọmọdé ni yóò dà. AMAA kò tíì sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kásẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn ń tà wá ní Apá Kìíní àti Apá Kejì ìtàn tí kò kún apá kan. Mọ́tò á wọ ọgbà, a ó wò ó títí tí yóò fi dúró. Ẹni inú rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á gun àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kan ilẹ̀kùn, á dúró. Ta ni ìbá fún irú agéfíìmù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn? Bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ kọ́, kásẹ́ẹ̀tì méjì ni oníṣòwò fẹ́ tà. Lóde òní, ó ti wá di òdì kejì: idà, ìbọn, àwòrán mẹ́wàá kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn adájọ́ má lọ máa pe ìyára ní òye.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀sìn wa tààrà. Mo wo fíìmù Yorùbá kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ààfáà ayédèrú kan ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin, tí ìpè ìrun sì ń dún lábẹ́ rẹ̀ láti mọ́sálásí ìtòsí. Inú bí mi. Mo ní wọ́n ti fi ìpè ìrun kun ìdọ̀tí. Ìyá àwọn ọmọ mi, tí a jọ ń wò ó, ní rárá. Ó ní kí n wò ó dáadáa: ìpè ń lọ, ọkùnrin náà kò dìde, owó ni ó ń kà, àwòrán kò sì kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ títí ìpè fi parí. Ó ní ààfáà yẹn ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀sìn. A tún un wò. Títí di òní n kò gbà fún un tán, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò ní ẹ̀rí. Ẹni tí ó mú wa jiyàn títí òru yìí, agéfíìmù ni, nítorí òun ni ó yan bí ọwọ́ náà yóò ti pẹ́ tó lójú wa. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí adájọ́ kọ fún wa, ojú ìwé kan péré: ibi báyìí ni ó gé e, ìdí báyìí ni a fi gbà pé ó dára.

Ọmọ kan tí ó kéwú lọ́dọ̀ mi ń ṣe iṣẹ́ yìí báyìí nínú yàrá kan ní Bẹ́yẹrúǹká. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò, fíìmù kan tí ó gba ẹ̀bùn ni ó ń wò. Ó ti pa ohùn rẹ̀, ó sì ń fi bírò fa ìlà sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí padà. Mo bi í pé kí ni ó ń wá. Ó ní, "Ààfáà, mo ń wá ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ni." Ó ti kún ojú ìwé mẹ́rin, kò sì tíì rí i.