Àwọn Ará Sábó àti Àwa: Àríwísí Lórí Ìwé Abner Cohen

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ìwé tuntun. Kì í ṣe Mùsùlùmí ni ó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ́ ni ó sì dá lé lórí ní tààràtà. Abner Cohen ni orúkọ òǹkọ̀wé náà, onímọ̀ nípa ìgbé-ayé àwọn ènìyàn láwùjọ. Custom and Politics in Urban Africa ni ó pe ìwé rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1969. Àwọn Haúsá tí wọ́n ṣí wá sí ìlú àwọn Yorùbá ni ó kọ̀wé nípa wọn, pàápàá àwọn ará Sábó ní Ìbàdàn, tí òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè pé kí ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Sábó, kí ó kọ́kọ́ ka iye ọmọ àdúgbò rẹ̀ tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí Àbújá, Kano, Yola tàbí Port Harcourt. Ọmọ ti lọ, òbí wà nílé. Ta ni ó gba ọmọ yẹn lálejò níbẹ̀? Ta ni ó ń mú orúkọ rẹ̀ dúró nílé títí yóò fi dé? Ìwé Cohen dáhùn ìbéèrè kìíní dáadáa ju ìwé mìíràn tí mo ti kà lọ. Èkejì ni kò dáhùn, èyí sì ni mo fi ń bá a jà.

Ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Haúsá. (Sabo fúnra rẹ̀, "titun" ni ó túmọ̀ sí lédè wọn. Àwọn tiwa náà ní irú rẹ̀ ní Kano, Sabon Gari, tí í ṣe ìlú titun. Bí wọ́n ti jẹ́ àlejò níhìn-ín ni àwa náà jẹ́ àlejò lọ́hùn-ún.) Òwò méjì ni ó mú wọn wá: obì gbànja tí wọ́n ń rà nílẹ̀ igbó wa tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkè Ọya, àti máálù tí wọ́n ń kó láti òkè Ọya wá fún àwọn alápatà wa. Òwò méjèèjì le. Obì kì í ṣe irin. Bí ó bá pẹ́ lọ́nà, ó lè gbẹ, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́, iye tí wọ́n ń tà á ní Kano lánàá sì lè yí padà kí ọkọ̀ tó dé. Ti máálù tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kó máálù wá kò mọ alápatà kankan ní Ìbàdàn, alápatà kò sì lówó lọ́wọ́ títí yóò fi pa ẹran náà tà. Àwìn ni wọ́n ń rà. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò ní ilé níhìn-ín, yóò ṣe kó ọ̀wọ́ máálù lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́, kí ó sì máa retí owó?

Màígídá ni ìdáhùn. Onílé ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe onílé tí ó ń gba owó yàrá. Ilé rẹ̀ ni oníṣòwò náà ń wọ̀ sí, níbẹ̀ ni ó ń sùn, níbẹ̀ ni ó ń jẹun, láìsan kọ́bọ̀. Màígídá ni ó mọ alápatà tí ń san gbèsè àti èyí tí kì í san. Òun ni ó ń dúró sí àárín nígbà tí wọ́n bá ń nájà, òun náà ni ó sì ń ṣe onídùúró: bí alápatà bá sá, màígídá ni yóò wá owó náà. Owó alárinà tí ó ń gbà lórí ọjà ni èrè rẹ̀. Cohen fi hàn pé kì í ṣe ilé ẹjọ́ tàbí báńkì ni ó ń mú màígídá san owó tí òun kọ́ ni ó jẹ. Orúkọ rẹ̀ ni. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìròyìn yóò dé Kano, kò sì sí oníṣòwò tí yóò tún wọ̀ sí ilé rẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ìwé náà ti níyì jù lójú mi. Nínú wáàsí wa, nínú eré orí ìtàgé wa àti nínú ewì tí àwọn ọmọ wa ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn bí èyí, bí a bá ń sọ̀rọ̀ àjò àti ilé, ìfẹ́ ni a máa ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe. A ní ilé kì í gbàgbé ọmọ, a ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Cohen kò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ó béèrè pé ta ni ó ń ṣe kí ni, ta ni ó ń san án, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà kò bá ṣe é. Ó hàn gbangba nínú ìwé rẹ̀ pé okùn tí ó so ènìyàn tí ó wà ní Kano mọ́ ènìyàn tí ó wà ní Ìbàdàn kì í dúró lásán. Ẹnì kan ni ó dì í mú, ó ń ná owó lé e, oorun rẹ̀ ń dín, a sì mọ orúkọ ẹni náà.

Ẹ wò ó lára tiwa. Nígbà tí ojú irin dé Kano ní 1911, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè Ọya láti ṣòwò àti láti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ṣáájú ni ó ń gba ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọdé tí ó bá dé yóò máa gbé ọjà kiri fún ẹ̀gbọ́n tí ó mú un wá, títí yóò fi dá dúró. Màígídá ni ẹ̀gbọ́n yẹn, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Cohen dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, èmi àti òun kò lè jọ rìn dópin. Àlàyé rẹ̀ nìyí, bí mo ti lè kó o jọ: láyé ìjọba òyìnbó, àwọn ará Sábó ní Séríkí tiwọn tí ìjọba mọ̀, wọ́n sì dá dúró láàyè ara wọn. Nígbà tí ìṣèlú ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ dé ní àwọn ọdún 1950, ìdádúró yẹn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, kí ni yóò wá ya wọ́n sọ́tọ̀? Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ Tijániyà, tí wọ́n sì kúrò nínú Jímọ̀ ti mọ́sáláásí ńlá Ìbàdàn, tí wọ́n ń kí tiwọn ní Sábó. Lójú Cohen, èyí ni ó fún wọn ní ààlà titun, tí òwò obì àti máálù kò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àlàyé náà gún régé, ó gún régé jù. Sheikh Ahmad al-Tijani kú ní Fez ní 1815, kò gbọ́ ohun kan nípa gbànja Ìbàdàn. Bí Tijániyà bá sì jẹ́ ògiri láàrin Haúsá àti Yorùbá, báwo ni ọ̀pọ̀ àlùfáà Yorùbá, ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn kan náà, ṣe wọ̀ ọ́? Haúsá àti Yorùbá ni ó tẹ̀lé Sheikh Ibrahim Niasse ti Kaolack. Ògiri tí àwọn tí ó wà ní ìhà méjèèjì jọ ń gbà kọjá, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń pè é. Cohen rí àǹfààní tí ìjọsìn mú wá, ó sì sọ ọ́ di ìdí tí wọ́n fi jọ́sìn. Ẹni tí ó jí ní òru ṣe wírìdí lè rí oníbàárà láàárọ̀. Kò túmọ̀ sí pé nítorí oníbàárà ni ó ṣe jí.

Síbẹ̀, n kò ní fi èyí sá fún ìbéèrè rẹ̀, nítorí pé ó kàn wá. Ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 ní ẹ̀ka káàkiri òkè Ọya. Àwọn mọ́sáláásí kan wà lọ́hùn-ún tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe wáàsí níbẹ̀. Ṣé tìtorí ẹ̀sìn nìkan ni? Níbi àsàlátù ọjọ́ Sunday ni àlejò ti ń gbọ́ nípa yàrá tí ó ṣófo, níbẹ̀ ni ọ̀gá tí ó ń wá akọ̀wé ti ń rí akọ̀wé, níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń rí ìyàwó tí ìyá rẹ̀ yóò bá sọ̀rọ̀ láìwá ògbufọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìjọsìn nìkan ni ó ń kó wa jọ síbẹ̀, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé kò lọ sí àsàlátù rí. N kò rí àléébù nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹnì kan wo ibẹ̀ kí ó sọ pé òwò nìkan ni.

Ẹ̀sùn mi tí ó wúwo jù ni pé Cohen jókòó sí Sábó, láti Sábó ni ó sì ti ń wo gbogbo nǹkan. A mọ ilé màígídá, ṣùgbọ́n a kò wọ ilé tí oníṣòwò náà fi sílẹ̀. Okùn ní orí méjì, ìwé náà sì fi ẹyọ kan hàn wá.

Gbogbo ọmọ ilé kéwú ni ó mọ Súrà Quraish sórí, wọn a sì máa kà á fún ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìnàjò. Ìrìnàjò méjì ni ó ń sọ, ti ìgbà òtútù àti ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀, Ilé ni ó dárí wa sí, àti Olúwa Ilé náà. Àwọn tí ó kọ ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) sọ pé Hashim, bàbá bàbá bàbá rẹ̀, ni ó dá ìrìnàjò méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn Quraish. Lójú ọ̀nà òwò yìí ni ó ti gbé Salma ní ìyàwó ní Yathrib, láàrin ìdílé Banu Najjar, Gaza sì ni ó kú sí. Ọmọkùnrin tí Salma bí fún un dàgbà ní Yathrib, ó jìnnà sí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí Muttalib, àbúrò Hashim, lọ mú un wá sí Mẹ́kà, àwọn ará ìlú rí ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní ẹrú tí Muttalib ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni. Bí orúkọ Abdul-Muttalib, ẹrú Muttalib, ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ọmọ ẹni tí ó la ọ̀nà òwò fún gbogbo ìlú, ìlú náà kò mọ̀ ọ́n lójú! Ẹnì kan ni ó dìde, ó gun ràkúnmí, ó lọ mú un wálé. Bí Muttalib kò bá lọ ńkọ́?

Okùn ti ìhà Yathrib náà kò sì já. Nígbà tí Ànábì ṣe Hijira ní 622, ilé Abu Ayyub ni ó wọ̀ sí, Banu Najjar sì ni Abu Ayyub.

Ohun tí ìwé náà fò yìí, ojú àwọn èèyàn wa rí i ní ọdún tí ó jáde gan-an. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia ní Gáńà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ dà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn. J. S. Eades kọ̀wé lórí àwọn tí ó gbé ìhà àríwá Gáńà, Strangers and Traders, tí ó jáde ní 1993. Kí ẹni tí ó bá ka Cohen kà á tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ará ilé. Ẹni tí ó ti kọ́lé sílé rí ibi wọ̀. Ẹni tí kò kọ́lé, ṣùgbọ́n tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nílé ní gbogbo ọdún, rí ibi wọ̀ pẹ̀lú. Ìwọ̀nyí ni màígídá ti ìhà ilé. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn: àwọn ni wọ́n ń gbé ọmọ tí a fi ránṣẹ́ láti àjò tọ́, àwọn ni wọ́n ń fi ojú ẹni tí kò sí nílé hàn níbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú. A kì í san owó alárinà fún wọn.

Fóònù alágbèéká GSM dé sí Nàìjíríà ní 2001, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó tán lọ́nà kan: a kò tún kọ lẹ́tà kí a máa retí èsì fún oṣù méjì mọ́. Ṣùgbọ́n n kò rò pé Cohen ìbá gbà. Nínú WhatsApp ẹbí, ènìyàn ogójì yóò tẹ Innā lillāhi, tí ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ yóò sì ṣòro rí. Owó ń dé láìsí ọwọ́ tí ó mú un wá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí a fi owó rán yóò jókòó, yóò mu omi, yóò wo ara ìyá àgbà, yóò sì padà lọ ròyìn pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Báńkì kò lè ròyìn ojú tí ó ń ṣú. Lọ́hùn-ún náà, ọ̀dọ́ tí ó gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ lórí fóònù, tí ó gba yàrá lórí fóònù, lè gbé Àbújá fún ọdún mẹ́ta láìní ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún un bí ọlọ́pàá bá mú un láìṣẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà kò rọrùn níbi gbogbo. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ obì àti máálù. Níbẹ̀ ni Cohen ti mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Àlàyé gbogbogbòò tí ó ṣe nípa ẹ̀yà àti ìṣèlú lè dúró dìgbà tí ara bá balẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó kọ, mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín lọ jókòó sí Sabon Gari Kano bí Cohen ṣe jókòó sí Sábó, kí ó mọ ẹni tí ó ń gba àlejò níbẹ̀ àti iye tí ó ń ná an. Nígbà tí ọdún bá dé, ọdún tí àwa fúnra wa sọ ní Iléyá, kí ó bá wọn wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀fà, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó jáde wá ṣílẹ̀kùn fún wọn.