Ohùn Ọ̀rọ̀ Ni Kí Á Kọ́kọ́ Kọ́ Ọmọ Kéwú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ wákà tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-kéwú ni a mú wá. Bóyá ìlù tọ́ tàbí kò tọ́, àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ìyẹn tipẹ́. A kò dá sí i níhìn-ín. Ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ni ni a rí wí sí.

Níbi wòlímọ̀ kan tí a lọ, àwọn ọmọ ń kọrin nípa ọ̀wọ̀ òbí. Ohùn orin fújì kan ni olùkọ́ wọn yá, ó wá ki ọ̀rọ̀ bọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi “ọ̀wọ̀”, orin gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó di “ọwọ̀”. Ìyá àgbà kan bi wá léèrè pé, “Áfà, ìgbálẹ̀ òbí kẹ̀?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí àwa náà ti kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Fújì kọ́ ni a ń bú. Inú wéré tí a fi ń jí èèyàn sí sààrì ló ti jáde. Àrùn yìí náà ló bá orin ìsìn Kírísítẹ́nì tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tọ́ka sí bí ohùn ọ̀rọ̀ ṣe ń darí orin wa.

Ti Lárúbáwá tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá fa “ba” inú “Allahu akbar” gùn kí orin lè dùn, “akbar”, tí í ṣe “ó tóbi jù lọ”, di “akbaar”, tí í ṣe àwọn ìlù. Ohun tí ọmọ bá sì kọ́ lórin ni yóò gbé dé orí ẹní ìkírun.

Àbá wa nìyí. Kí á tó dá orin, kí olùkọ́ mú dò, re, mí tí àwọn tíṣà Yorùbá fi ń kọ́ àmì ohùn wọ ilé-kéwú. Kí ọmọ mẹ́ta dúró, kí oníkálukú gba ohùn kan. Bí a bá pe “ọ̀wọ̀”, dò á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá pe “ọwọ̀”, re á dáhùn, dò á tẹ̀ lé e. Ní ti Lárúbáwá, kí wọ́n máa fi ìka ṣírò ibi fífà, bí àwọn olùkọ́ tájúwíìdì ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ohùn orin tí ó bá ọ̀rọ̀ mu.

A ti dán an wò ní kíláàsì tiwa. Orin kan ṣoṣo gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wá léèrè ìgbálẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.