Àtòjọ Kì í Ṣe Àròkọ: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìkọ̀wé nípa Ìyípadà Ìgbà nínú Ìdàgbàsókè Òṣìṣẹ́

Ìfáàrà

Ọ̀kan lára iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ti ìmọ̀ ìṣàkóso ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìyípadà tí ìgbà ń mú bá ìdàgbàsókè òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ni ó gún régé ní ti gírámà, tí orúkọ onímọ̀ sì kún inú rẹ̀, síbẹ̀ òǹkàwé yóò kà á tán láìlè sọ ohun náà gan-an tí ó ń fẹ̀ rí múlẹ̀. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àìkàwé kọ́ ni ó fa àbùkù náà. Àìyan kókó kan ṣoṣo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa to ohun tuntun jọ bí ẹni to ọjà sórí àtẹ: ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé, lílo ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kò là yé

Àbùkù kìn-ín-ní jẹ mọ́ ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lo ìdàgbàsókè òṣìṣẹ́ àti ìṣàkóso òṣìṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Gbígba ènìyàn síṣẹ́, sísan owó oṣù àti bíbá òṣìṣẹ́ wí wà lábẹ́ ìṣàkóso. Ìdàgbàsókè ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí òṣìṣẹ́ ń kọ́, tí ó fi ń di ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ju ti àná lọ. Leonard Nadler, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1970, pín in sí mẹ́ta: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tí ó ń bọ̀ wá ṣe, àti ìdàgbàsókè tí kò so mọ́ iṣẹ́ kan pàtó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti gé àpọ̀jù ọ̀rọ̀ kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ tí a ń pe kókó náà ní èdè Yorùbá pàápàá gba àròjinlẹ̀. Àwọn kan a máa pe òṣìṣẹ́ ní ohun àmúlò, bí ẹni pé igi àti irin ni. Bí àròkọ bá gba orúkọ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, ó ti fara mọ́ ojú-ìwòye agbanisíṣẹ́ nìkan, kò sì ní rántí bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tí òun náà rí gbà.

Ìyípadà gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀

Àbùkù kejì ni pípe ohunkóhun tí ó bá gbajúmọ̀ ní ìyípadà. Kí nǹkan tó lè yí, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò kan tẹ́lẹ̀. Àròkọ tí ó bá sọ ti òní láìsọ ti àná kò tíì fi ìyípadà kankan hàn. Bí àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ pé kíkọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọ̀nà ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá, lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ni ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí ti aránṣọ ti ń kọ́ṣẹ́ títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ohun tí ó lè jẹ́ tuntun ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá kọ ọ́ sínú ètò wọn. Nítorí náà, ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ta ni ohun náà jẹ́ tuntun sí, láti ìgbà wo, àti ohun tí ó fà á.

Àpẹẹrẹ kókó tí ó lójú kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. A lè fi òfin àjọ ITF, tí ó ń rí sí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ náà sílẹ̀. Ní ọdún 2011, a tún òfin rẹ̀ ṣe. Tẹ́lẹ̀, agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin náà mú. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, ẹni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 5 ti gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tí ó ń san lọ́dún. Òfin sì fi àyè sílẹ̀ kí àjọ náà dá apá kan owó padà fún ẹni tí ó bá dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bí ó ti yẹ.

Níbí ni àná àti òní ti hàn kedere. Ìbéèrè kan ṣoṣo lè ti inú rẹ̀ jáde: ǹjẹ́ àtúnṣe ọdún 2011 mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké ní ìlú kan dá olùkọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ wọn wà láàárín 5 sí 24 ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wò, nítorí àwọn ni àtúnṣe náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Àwọn tí ó ní 25 lọ sókè, tí òfin ti mú tẹ́lẹ̀, yóò jẹ́ òṣùwọ̀n tí yóò fi wọ̀n wọ́n. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí i bákan náà ní ọ̀dọ̀ ìkíní àti ìkejì, a kò lè yára sọ pé òfin ni ó fà á.

Ẹ̀rí tí ó tó ẹ̀rí

Àbùkù kẹta ni ti ẹ̀rí. Iye sẹmínà tí a ṣe àti iye ìwé-ẹ̀rí tí a pín ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kà. Láti ọdún 1959 ni Donald Kirkpatrick ti là á sílẹ̀ pé ipele mẹ́rin ni a fi í díwọ̀n ìdánilẹ́kọ̀ọ́: bí ó ṣe rí lójú ẹni tí ó gbà á, ohun tí ó kọ́ níbẹ̀, bí ìṣe rẹ̀ ṣe yí padà lẹ́nu iṣẹ́, àti èrè tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ìwé-ẹ̀rí ìkópa kò lè dáhùn ìbéèrè kẹta àti ìkẹrin. Kíláàsì ni a ti í rí ìdáhùn: ǹjẹ́ olùkọ́ tí ó lọ sí sẹmínà lórí ìkọ́ni ní ìwé kíkà ń kọ́ni lọ́nà mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Àròkọ tí kò bá lè dé kíláàsì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ, kí ó má baà pe ìnáwó ní ìdàgbàsókè.

Àwọn kan lè sọ pé àròkọ tí ó gbòòrò ni ó ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ kàwé púpọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé púpọ̀ wúlò fún yíyan kókó, kì í ṣe fún dída gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀bi náà kò sì dá lé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Bí olùkọ́ bá béèrè pé kí a jíròrò lórí àwọn ìyípadà òde òní, tí ó sì ń fún kókó kọ̀ọ̀kan ní máàkì méjì méjì, àtòjọ ni ó béèrè, àtòjọ náà ni yóò sì gbà.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àròkọ tí ó lójú kan gbọ́dọ̀ la ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé, kí ó fi àná wé òní, kí ó dárúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó sì mú ẹ̀rí tí ó bá ìbéèrè rẹ̀ mu wá. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ àròkọ lónìí ni yóò di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la, tí yóò máa pinnu olùkọ́ tí yóò lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ohun tí a ó ná owó lé. Bí kò bá kọ́ láti bi ohun tuntun léèrè ìdí rẹ̀ nínú àròkọ, ó ṣòro kí ó tó bi í léèrè nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń dúró de olùkọ́ tí ó mọṣẹ́.