Ṣóńṣó Irin Tó Mọ Inú Ẹran

Ojú kì í rí inú ẹran. Ti ẹran èéfín tún wá le jù, nítorí èéfín igi lè jẹ́ kí abẹ́ awọ adìyẹ ṣì pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn tó ti jinná tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran lílọ̀ lè pàwọ̀ dà kó má tíì jinná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan igẹ̀ màlúù lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Texas kì í fi tẹ̀mómítà ṣeré. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó ohun tí à ń wò, tí à ń yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irinṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n dè mọ́ ìdérí ààrò, afẹ́fẹ́ òkè ló ń wọ̀n, ẹran sì wà nísàlẹ̀ lórí àwọ̀n irin. Èyí tó ní ojú bíi aago, nǹkan bí 5 cm irin rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọnú ẹran kó tó lè sọ òótọ́. Itan adìyẹ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tí wáyà irin oríṣi méjì ti pàdé ní ṣóńṣó rẹ̀. Seebeck, onímọ̀ ará Jámánì, ló ṣàwárí ohun tó wà nídìí rẹ̀ ní 1821. Nítorí pé ojú ibi tí wáyà méjèèjì ti pàdé kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, kì í pẹ́ dáhùn rárá.

Ó wá ku ọwọ́. Ẹ wo ọ̀gá tó fẹ́ yẹ igẹ̀ adìyẹ wò: ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ki irin bọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kó kan eegun. Á tì í kọjá àárín, á wá máa fà á padà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára nọ́ńbà. Ibi tí nọ́ńbà ti kéré jù lọ ni àárín gbùngbùn ẹran. Ti ibẹ̀ ló máa gbà, kì í ṣe èyí tó wù ú. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀: adìyẹ 74°C, ẹran màlúù lílọ̀ 71°C, odindi ègé ẹran màlúù 63°C, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3 kí a tó gé e.

Orí igẹ̀ màlúù ni iṣẹ́ náà ti ga jù. Irin kan á wà nínú ẹran láti àárọ̀. Òmíràn á wà lórí àwọ̀n irin, tí á máa ṣọ́ ooru ààrò, bíi 110°C. Bí ẹran bá dé nǹkan bí 70°C, nọ́ńbà á dúró gbagidi fún wákàtí mélòó kan. Omi tó ń gbẹ lára ẹran ló ń tù ú bí iná ṣe ń mú un gbóná. Ẹni tí kò mọ̀ á kó èédú sí i. Ọ̀gá á wo irin kejì, á rí i pé ààrò kò tutù, á sì fi iná sílẹ̀, tàbí kó fi bébà wé ẹran náà. Ní nǹkan bí 95°C, kò ní gba ti nọ́ńbà nìkan mọ́: á gún ẹran káàkiri. Bí irin bá ń wọlé láìsí ìdènà, àwọn iṣan líle ti yọ́, ẹran ti dé.

Bí ẹ bá ra ọ̀kan, ẹ fi yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife, ẹ bu omi sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ àárín. 0°C ló yẹ kó kà. Bí owó kò bá sì ju ti ẹyọ kan lọ, èyí tó tín-ín-rín tó sì yára ni kí ẹ mú. Èyí tó ń gbé inú ẹran, ojú kan péré ló ń ròyìn. Èyí tó yára á dé gbogbo igun, bí ọwọ́ yín bá ti mọ ọ̀nà.